Ohùn Gìtá Nínú Ẹ̀rọ Ìgbohùnsílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní kọ́kọ́ kàn, ṣùgbọ́n kò yọ ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá rí sílẹ̀. Ìmọ̀ nípa ohùn àti iná mànàmáná wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe gbogbo wa ní àǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀ báyìí. Ọ̀dọ́ márùn-ún kó ara wọn jọ sí yàrá kan lọ́jọ́ Sátidé láti ṣe ìdánrawò. Méjì ń ta gìtá, ọ̀kan ń lu ìlù òyìnbó, ọ̀kan gbé gángan kọ́ apá, ọ̀kan ń kọrin. Ohùn gìtá ń dùn bí oyin nínú yàrá náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, gìtá tí ń dùn bí oyin ti di ariwo oyin tí wọ́n há mọ́ inú agolo.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè gbọ́ ara rẹ̀ kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ń ta gìtá yóò máa rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ́ ọn ta, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé máìkì ni kò sí níbi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ta ẹ̀rọ tí ó dára lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ti jẹ gbèsè ra òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé kí wọ́n sún máìkì ní ínṣì méjì péré ni ó kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kí a mọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Gìtá oníná kò lè dá pariwo. Mágínẹ́ẹ̀tì tí wáyà wé mọ́ ni ó wà lábẹ́ okùn rẹ̀. Bí okùn bá gbọ̀n, iná kékeré kan a máa gbọ̀n nínú wáyà náà. Iná yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mi sìpíkà kankan. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ ọ́ di ńlá ni a ń pè ní ámpù. Oríṣi ámpù pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn onígìtá fẹ́ràn jù lọ ni ámpù onífáàfù.

Kí ni a ń pè ní fáàfù? Àgbà tí ó bá rántí rédíò àtijọ́, irú èyí tí a máa ń tàn tí a ó sì dúró díẹ̀ kí ó tó fọhùn, ti rí fáàfù rí. Ó dàbí gílóòbù iná kékeré. Dígí ni ara rẹ̀, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, irin wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀. Ní 1904 ni John Ambrose Fleming, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní London, ṣe èyí tí ó ní irin méjì. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi irin kẹta sí i. Irin kẹta yìí ni ó sọ fáàfù di ohun tí ó lè sọ ohùn kékeré di ńlá.

Ẹ fi ọkàn yàwòrán ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́. Ogunlọ́gọ̀ èrò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà, oníbodè kan ṣoṣo ni ó sì di ilẹ̀kùn mú. Bí ó bá ṣí i díẹ̀, èrò díẹ̀ ni yóò kọjá. Bí ó bá ṣí i gbayawu, èrò yóò máa wọ́ lọ tìrítìrí. Agbára tí oníbodè fi ń ti ilẹ̀kùn kò tó nǹkan, síbẹ̀ ìdarí gbogbo èrò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin kìíní a máa gbóná, a sì máa tú àwọn wóró iná tí ojú kò lè rí jáde. Irin kejì a máa fà wọ́n mọ́ra. Irin kẹta, tí ó dàbí àwọ̀n, wà láàárín wọn. Òun ni oníbodè. Iná kékeré tí ó ti ara gìtá wá ni ó ń darí oníbodè yìí. Bí iná kékeré bá ti gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni iná ńlá tí ó kọjá yóò ṣe gbọ̀n, tí yóò fi dé sìpíkà.

Ní 1947, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe tìráńsísítọ̀, èyí tí ó kéré, tí kì í gbóná púpọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Rédíò fi fáàfù sílẹ̀, ó gba tìráńsísítọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onígìtá kò fi í sílẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe fáàfù ní Ṣáínà, ní Rọ́ṣíà àti ní Slovakia, àwọn onígìtá sì wà lára àwọn tí ń rà á jù.

Ẹ lè béèrè pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹ wo ìyá ìlù dùndún. Kí ló dé tí onílù fi ń so ṣaworo mọ́ ojú rẹ̀ yí ká? Ṣé awọ nìkan kò lè dún ni? Awọ lè dún, ṣùgbọ́n ṣaworo ń fi ohùn wínníwínní kún ohùn ńlá náà, etí wa sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáàfù náà ní ṣaworo tirẹ̀. Bí a bá fi gìtá tì í dé ibi tí agbára rẹ̀ fẹ́ pin, kì í gé ohùn lójijì bí ẹni fi àdá gé igi. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tẹ orí ohùn náà ba, a sì máa bí àwọn ọmọ ohùn wẹ́wẹ́ kún ohùn ìyá. Bí ẹ bá ta okùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò mọ́ kedere. Bí ẹ bá fi agbára ta á, yóò han. Ìka ẹni tí ń ta á ni yóò máa pàṣẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ámpù fẹ́ kí ó máa han bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ó mọ́ ni wọ́n ń wá. Ní 1951, ẹgbẹ́ Ike Turner lọ gba orin “Rocket 88” sílẹ̀ lọ́dọ̀ Sam Phillips ní ìlú Memphis. Wọ́n sọ pé ámpù wọn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n sì ki bébà bọ inú sìpíkà rẹ̀ kí ó lè dún. Ohùn rẹ̀ ń han, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1958, Link Wray mọ̀ọ́mọ̀ fi pẹ́ńsù lu sìpíkà tirẹ̀ ní ihò nítorí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ní 1962, Jim Marshall àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní London wo ámpù Bassman ti ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn ámpù Marshall yìí ni Eric Clapton gbé wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ti Decca ní 1966, nígbà tí òun àti John Mayall ń ṣe àwo orin. Ó ní bí òun ti ń ta á níwájú èrò ni òun yóò ṣe ta á níbẹ̀, ariwo rẹ̀ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lójijì. Àwo orin náà di ohun tí àwọn onígìtá ń fi kọ́ṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ámpù ni ó jẹ́ kí gìtá lè bá gángan jókòó pọ̀ nínú orin jùjú. Gìtá tí kò ní iná kò lè bá ìlù mẹ́ta mẹ́rin du ohùn. Ẹ gbọ́ orin I. K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, ẹ gbọ́ ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé. Gìtá wọn mọ́ kedere, ó ń kán tótó bí omi òjò. Bí gìtá mẹ́ta bá ń dá ara wọn lóhùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń han gooro, ọ̀rọ̀ yóò di ọbẹ̀ adàlú. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé irú orin wo ni ẹ ń ṣe. Jùjú àti háíláìfù ń fẹ́ ohùn tí ó mọ́ pẹ̀lú ìhan díẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku bí a ó ṣe gba ohùn náà sílẹ̀.

Èkíní ni ìwọ̀n ámpù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé bí ámpù bá ti tóbi tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ámpù wáàtì 50 kì í pariwo ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti wáàtì 5. Létí ènìyàn, bí ìlọ́po méjì péré ni. Bí ẹ bá gbé ámpù ńlá wọ yàrá kékeré, ẹ ó ní láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fáàfù rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ kan tí ó nítumọ̀. Ámpù kékeré tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa sàn fún ìdánrawò ju ámpù ńlá tí ń sùn lọ. Ẹ sì tan án ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kí ara rẹ̀ ti gbóná.

Èkejì ni ibi tí ámpù jókòó sí. Ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni oyin ti ń di agolo. Ohùn tín-ín-rín a máa lọ tààrà bí ọfà. Ohùn ìsàlẹ̀ a máa tàn kálẹ̀ bí èéfín. Bí ámpù bá wà nílẹ̀, ojúgun onígìtá ni ọfà náà ń bá. Kì í dé etí rẹ̀. Onígìtá á wá rò pé ohùn tín-ín-rín kò tó, á sì yí i sókè. Á tún yí i sókè. Ṣùgbọ́n máìkì tí ó wà níwájú sìpíkà kò dúró níbi tí onígìtá dúró. Ojú ọfà ni ó wà. Gbogbo ohun tí onígìtá kò gbọ́ ni máìkì ń gbọ́, ìdí nìyí tí ohùn fi ń ta bí agolo.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Ẹ gbé ámpù sórí àga tàbí àpótí tí ó dúró dáadáa, kí ó kọjú sí etí ẹni tí ń ta á. Ẹ má ṣe gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, nítorí ilẹ̀ àti ògiri méjì a máa fi ohùn ìsàlẹ̀ kún un títí yóò fi máa dún gùdùgùdù. Lẹ́yìn náà, kí onígìtá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú sìpíkà lẹ́ẹ̀kan, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí máìkì ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ohùn tín-ín-rín padà sílẹ̀. Kí ó dín ìhan kù díẹ̀ pẹ̀lú, torí ìhan tí ó dùn nínú ariwo yàrá a máa pọ̀ jù nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ jẹ́ẹ́ nílé.

Ẹ̀kẹta ni máìkì. Máìkì lásán tí akọrin ń mú lọ́wọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Shure SM57, tí ó jáde ní 1965, ni ọ̀pọ̀ ń lò títí di òní, kì í sì í ṣe máìkì olówó gọbọi. Ẹ gbé e sí bí ínṣì méjì sí aṣọ ojú ámpù. Bí ó bá dojú kọ àárín gbùngbùn sìpíkà, ohùn yóò mú ṣóṣó. Bí ó bá dojú kọ etí rẹ̀, ohùn yóò rọ̀, yóò sì ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ẹ bá sún un mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ohùn ìsàlẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, ẹ ó máa gbọ́ yàrá pẹ̀lú gìtá.

Ẹ má ṣe fi ojú wọn èyí. Etí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Ẹ yan ibi mẹ́rin láti àárín sìpíkà dé etí rẹ̀. Kí onígìtá ta orin kan náà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ibẹ̀ sínú máìkì. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín jókòó, kí ẹ gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì yan èyí tí ó dára jù. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibẹ̀. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ kò ní wá a mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n ohùn tí ń wọ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Fáàfù tí ń han jẹ́ adùn. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ń han jẹ́ ìbàjẹ́, kò sì sí oògùn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe ibi tí orin wọn ti pariwo jù lọ, kí ẹ sì ṣètò ẹ̀rọ kí àmì rẹ̀ má ṣe dé ibi pupa. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, nítorí kò sí ẹgbẹ́ tí kì í pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ara wọn bá ti yá.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn yòókù nínú yàrá. Irú máìkì tí mo sọ yìí ń gbọ́ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di odi sí ohun tí ó wà lẹ́yìn. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwo ìlù òyìnbó, kí ẹ sì fi aṣọ tí ó nípọn tàbí mátíràsì dí àárín wọn. Bí máìkì méjì bá wà, ẹ jẹ́ kí àárín wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ohun tí ó ń gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn ń rin bí ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohùn kan náà kì í dé etí máìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ń tì nígbà tí èkejì ń fà, ó dàbí ẹni méjì tí ń ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan láti inú ilé, ọ̀kan láti òde. Ilẹ̀kùn kò ní lọ síbì kan, ohùn gìtá yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ fóònù alágbèéká kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ má ṣe banújẹ́. Ẹ tò yí i ká ní ìlàjì òṣùpá. Ẹ gbé e sí ibi tí ó ga tó etí ẹni tí ó dúró, kí ó má ṣe wà lórí tábìlì tí ń gbọ̀n. Kí onílù òyìnbó jìnnà sí i jù lọ, kí akọrin àti gìtá sún mọ́ ọn. Bí gìtá kò bá jáde, ẹ sún ámpù síwájú. Ẹ má ṣe yí ohùn rẹ̀ sókè, torí bí ẹ bá yí i sókè, onílù náà yóò tún fi kún tirẹ̀, ìjà náà kò sì ní parí.

Ìkìlọ̀ wá kù. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Iná tí ó wà nínú ámpù onífáàfù lè tó 300 sí 500 fólítì. Ó ní àwọn ohun kan nínú rẹ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́ bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi. Bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná, ó ṣì lè pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe tú u. Bí ó bá ń kùn, ẹ yí gìtá sí ìhà mìíràn, ẹ sún un jìnnà sí tìráńsífọ́mà, gílóòbù gígùn àti fóònù. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì láti pa kíkùn náà. Ẹsẹ̀ náà ni ó ń dáàbò bo ẹni tí ó fọwọ́ mú okùn gìtá. Ẹ má ṣe tan ámpù onífáàfù láìjẹ́ pé sìpíkà wà lára rẹ̀, nítorí tìráńsífọ́mà inú rẹ̀ lè jóná. Níbi tí iná bá ti ń lọ sókè sódò, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń mú iná dúró déédéé sáàárín. Bí etí yín bá ń hó lẹ́yìn ìdánrawò, ẹ mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ jù. A lè ra fáàfù mìíràn. A kò lè ra etí mìíràn.

Níkẹyìn, ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí etí ti sinmi. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ibi tí máìkì wà, àti ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Bí ohùn gìtá bá ti jáde bí ó ti rí gan-an, àṣìṣe ìka yóò hàn, ibi tí ọwọ́ ti yá ju ìlù lọ yóò hàn, ibi tí orin ti dùn náà yóò sì hàn. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ó ṣiṣẹ́ lé lórí ní Sátidé tí ń bọ̀.